Tòlótòló Tí Mo Sè Fún Bàbá Ọkọ Mi Lọ́dún, Òkú Ni Mo Bá A

Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ gbà mí o, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ádímínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ayédé-Èkìtì ni mò ń gbé, ó ti tó, ẹ má bi mí ní àdúgbò. Mo ti fún bàbá ọkọ mi, Mùsùlùmí paraku, ní ẹran tó kú fúnra rẹ̀ jẹ. Mo mọ̀ pé òkú ni. Mo sè é, mo gbé e síwájú wọn, wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì súre fún mi lórí ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Láti ọjọ́ Kérésìmesì ni mi ò ti rí oorun gidi sùn, tí mo bá ti dijú, ọrùn ẹyẹ yẹn ni mò ń rí.

Ọmọ ìjọ ni mí, inú kúáyà ni mo dàgbà sí, Mùsùlùmí sì ni ọkọ mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti fẹ́ra, a ti bí ọmọ méjì. Ọkọ mi ò ní wàhálà, awakọ̀ ni, Ìkọ̀lé sí Adó ló ń ná, kò sọ rí pé kí n má lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ ni ò gbà. Ìlú kan náà la jọ ń gbé o! Iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbà lọ oko kòkó wọn lójoojúmọ́ lórí máṣíìnì wọn tó ti gbó, síbẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́jọ, omi tútù lásán wọn ò mu nílé mi. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi ni pé ta ló mọ bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pa ẹran rẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ó dúńbú rẹ̀ àbí ó kàn lọ́ ọ lọ́rùn pa. Tí mo bá gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé e fún aládùúgbò. Èmi náà lẹ́nu, mo máa ń sọ pé ẹni tí ò bá jẹ kó fi í lẹ̀, ìkòkò mi ò ní tìtorí ẹ̀ fọ́... irọ́ ni mò ń pa, ó ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Nínú oṣù karùn-ún ni mo ra tòlótòló kékeré kan lọ́jà. Aṣọ ni mò ń rán, iwájú ilé ni ẹ̀rọ mi wà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń sìn ín. Ó tóbi, ó sanra, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Tí máṣíìnì Bàbá bá ti ń bọ̀ báyìí, á tan ìrù rẹ̀ ká, á máa ké mọ́ wọn bí ẹni ń bú wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é, mo sá wọlé, ojú tì mí. Ṣùgbọ́n Bàbá dúró. Wọ́n pa máṣíìnì, wọ́n súfèé sí i, ó dáhùn. Wọ́n tún súfèé, ó tún dáhùn. Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín! Ọdún mẹ́jọ, mi ò rí eyín wọn rí. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn, tí wọ́n bá ń ti oko bọ̀ wọ́n á súfèé, ẹyẹ á dáhùn. Láti orí súfèé ó di ẹ kú iṣẹ́, láti orí ẹ kú iṣẹ́ ó di ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa, nígbà tó yá wọ́n ń já àgbàdo bọ̀ fún un láti oko. Wọ́n ní ó mọ èèyàn kí ju ọmọ tí wọ́n bí lọ. Nígbà tó ku bí oṣù méjì kí ọdún dé, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé bí a bá máa pa ọ̀gbẹ́ni yìí ní Kérésìmesì, àwọn á wá jẹ níbẹ̀, kí a ṣáà jẹ́ kí Àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní òpópónà wa bá wa dúńbú rẹ̀. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọkọ mi. Èmi, mo wọ yàrá lọ, mo jó. Mo jó gan-an ni.

Mo ti rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń yan tòlótòló lódidi láì gé e, mo ní tèmi náà á rí bẹ́ẹ̀. Mo bá oníbúrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé wa sọ̀rọ̀ pé tó bá ti kó búrẹ́dì ẹ̀ jáde, kó jẹ́ kí n gbé e sínú ààrò rẹ̀. Mo ra ìrẹsì, mo ra káróòtì àti kábéèjì fún sàláàdì, mo rẹ ẹ̀wà fún ọ̀lẹ̀, mo ṣa iṣu tó dára sílẹ̀ nítorí Bàbá ò gbà pé àwọn ti jẹun láìjẹ uyán. Gbogbo nǹkan ló pé. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn olè adìyẹ kì í sinmi tí ọdún bá ti kù dẹ̀dẹ̀, nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, mo ti tòlótòló mọ́ yàrá tí mo ń kó oúnjẹ sí. Mo gbàgbé pé ààbọ̀ àpò gàrí wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ àpò náà ya, ó jẹ gàrí gbígbẹ títí... àánú sì ti ṣe mí, mo ti gbé abọ́ omi ńlá tì í. Ẹ̀yin náà mọ bí gàrí ṣe ń wú.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, ọkọ mi ti jáde ní kùtùkùtù, ọjọ́ yẹn ni èrò máa ń pọ̀. Ó ní kí n lọ pe Àáfà kí n tó ṣe ohunkóhun, pé òun á gbé Bàbá dé tí aago méjì bá lù. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Ó nà sílẹ̀ gbalaja, ọrùn rẹ̀ wà nílẹ̀, àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná. Mo súfèé sí i bí Bàbá ṣe ń ṣe... kò dáhùn. Mi ò ní tàn yín, mo mọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣì gbóná, ó ṣì gbóná, bóyá ẹ̀mí díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo mú ọ̀bẹ, èmi fúnra mi ni mo gé e lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ò tú, ó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀. Mo tún wí Bísímílà, èmi ọmọ kúáyà! Bí ẹni pé ìyẹn ló máa jí i. Lẹ́yìn náà mo wa iyẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ náà.

Kí ló dé tí mi ò se ẹja? Kí ló dé? Ẹja wà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níkòríta. Kí ló dé tí mi ò pe ọkọ mi lórí fóònù? Bóyá Bàbá ì bá kàn kẹ́dùn ẹyẹ wọn, kí wọ́n sì fi ẹja jẹ uyán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé wọ́n á ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn, ẹyọ ẹyẹ kan ò lè yè lọ́wọ́ ẹ̀ di ọjọ́ ọdún. Ìtìjú ni, ìgbéraga náà wà níbẹ̀. Mo fi omi gbígbóná tu ú níyẹ̀ẹ́, mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi ata rodo, ataalẹ̀, áyù, kọ́rì àti táìmù pa á lára, mo ki àlùbọ́sà àti tàtàṣé sí i níkùn, mo bọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sínú ààrò. Nígbà tó jáde, awọ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òróró ń dán lára ẹ̀, oníbúrẹ́dì pe àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, ó dára.

Bàbá dé, wọ́n dé fìlà funfun tuntun, wọ́n jókòó ní pálọ̀ mi. Lẹ́yìn ìkíni, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé Àáfà ló dúńbú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, aago méje ni wọ́n wá. Báyẹn. Ẹnu mi ò gbọ̀n. Wọ́n ní ṣé a bo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, mo ní a bò ó. Wọ́n fọwọ́, wọ́n jẹ uyán, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ ọ̀lẹ̀ méjì, wọ́n jẹ ẹran yẹn, wọ́n ní ọdún gbogbo tí àwọn ò fi jẹun níbí, ara àwọn làwọn ń rẹ́ jẹ. Èmi ti pinnu pé kò ní kan ẹnu mi, Bíbélì tèmi náà kọ̀ ọ́. Mo ní òórùn ọbẹ̀ ti yó mi. Bàbá wo abọ́ mi, wọn ò rí ẹran níbẹ̀. Wọ́n bá ya lára itan tí mo fi ṣe wọ́n lágbà, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbà, jẹ." Ọmọ mi! Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, "ìyá àwọn ọmọ yẹn" ni wọ́n ń pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn. Omi ń dà lójú mi, gbogbo wọn rò pé ayọ̀ ni. Ọkọ mi yà á ní fọ́tò, ó ti gbé e sójú Wásáàpù ẹ̀.

Bó bá parí síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá gbé e lọ sí sàréè mi. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó lọ, wọ́n ní sàárà ìyá ọkọ mi tó ti dolóògbé ń bọ̀ lópin oṣù tó ń bọ̀, èmi ni mo máa bójú tó oúnjẹ ẹ̀, ìkòkò mi ni gbogbo mọ́ṣáláṣí á ti jẹ. Wọ́n tún ní lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ àwọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Àáfà fúnra àwọn, níwájú èèyàn, pé ẹni tó jí jáde láàárọ̀ Kérésìmesì torí onígbàgbọ́, ọmọlúàbí ni. Wọ́n ti ṣa iṣu ńlá mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé kò burú, màá lọ bẹ Àáfà kó bò mí láṣìírí. Ni mo bá lọ lọ ata láàárọ̀ yìí, mo pàdé ìyàwó Àáfà níbi ẹ̀rọ, mo béèrè ọkọ ẹ̀. Ó ní ọkọ òun ti wà ní Ìlọrin láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Kérésìmesì, ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ ló lọ ṣe, ìrọ̀lẹ́ òní ló ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi... ẹni tí mo ní ó dúńbú ẹran lẹ́yìnkùlé mi, kò sí ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì lọ́jọ́ yẹn! Mo fi ata mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo rìn wálé.

Ọ̀la ni Jímọ́ọ̀. Tí mo bá dákẹ́, Bàbá á gbé iṣu mẹ́ta dé iwájú gbogbo èèyàn, Àáfà á ní ẹran wo, ìtìjú á bá àgbàlagbà nínú mọ́ṣáláṣí nítorí tèmi. Tí mo bá sọ fún wọn, ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ sọ nípa mi, mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di òótọ́. Kí n ní ẹlòmíràn ló pa á, pé mo ṣì wí? Irọ́ lórí irọ́, títí dìgbà wo? Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tí kò mọ̀ tó fi jẹ ẹ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó mọ̀ tó fi fún un jẹ ńkọ́? Wọn ò sọ tìyẹn. Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé á lè wo ojú mi mọ́? Ẹ má bú mi jù, mo ti bú ara mi tán.

Mò ń gbọ́ máṣíìnì wọn báyìí, wọ́n ti ń ti oko bọ̀. Tòlótòló ò sí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń súfèé tí wọ́n bá dé iwájú ilé, èmi ni wọ́n ń súfèé sí kí n jáde wá kí wọn. Wọ́n ti pa máṣíìnì. Wọ́n ti súfèé lẹ́ẹ̀kan... ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí n jáde kí n sọ fún wọn nísinsìnyí, àbí kí n kí wọn, kí n tún rẹ́rìn-ín? Wọ́n tún ti súfèé. Kí ni kí n dá wọn lóhùn?