Orúkọ Tí Adùnọlá Kò Fẹ́ Pè

                                        Agbolé Òkè-Ọjà,
                                        Ìtàjí-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2003.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Olúdáre, ṣé ara le? Ṣé oòrùn Yola ò tíì yan ọ́ gbẹ bí ẹja? Ọ̀nà tí ẹ ń là ńkọ́, ṣé ọ̀gá yín ń jẹ́ kí ẹ rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Ara ìyá wa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Isaac àbúrò wa wà lórí ọ̀kadà rẹ̀, ariwo rẹ̀ kò sì dínkù. Ìyàwó rẹ náà wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló sì mú mi kọ̀wé.

O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni Adùnọlá ti ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ Nàìjíríà, nítorí ìwọ tí o fẹ́ ẹ. Ilé-ìwé kan ní Ùsì ṣì ń dúró dè é kó wá máa kọ́ wọn ní Faransé, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbà á síṣẹ́ ìjọba níwọ̀n bó ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá imigiréṣọ̀n kan dé bá wa lójijì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbéyàwó òótọ́ ni, àbí torí ìwé lásán. Ohun tó sì kọ́kọ́ bá nílé ni pé ọkọ ò sí. Ó ní ìgbà wo lo wálé kẹ́yìn. Mo ní Ọdún Àjíǹde. Ó kàn mirí ni.

Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀, torí ọ̀gá náà ò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ìyàwó rẹ ò sì tíì jinlẹ̀. Ọ̀gá náà ní kí Adùnọlá dárúkọ àwa ará ilé ọkọ rẹ̀. Háà, Olúdáre! Ṣé aya ilé a máa pe ẹni tó bá nílé lórúkọ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ ìyàwó rẹ ní Kétu, lọ́hùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀. Ó nawọ́ sí Isaac, ó ní Akọ̀wé. Akọ̀wé tó ń gun ọ̀kadà! Ó nawọ́ sí mi, ó ní Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀. Ojú tì mí láti túmọ̀ ìyẹn fún ọkùnrin ọlọ́kùnrin. Nígbà tí ọ̀gá náà béèrè orúkọ tìrẹ, Adùnọlá tẹrí ba, ó ní, "Olówó orí mi." Mo ṣàlàyé àṣà wa títí ẹnu fi fẹ́ bó, ọkùnrin náà ní ọmọ ilé ni mí, ẹnu obìnrin yẹn gan-an ni òun fẹ́ gbọ́. Ó ti ń pa fáìlì rẹ̀ dé.

Ni ìyá wa bá dìde lórí àga, ó lọ di Adùnọlá lọ́wọ́ mú.

"Pè é, ọmọ mi," ni ó wí. "Ulé mi ni, mo fún ọ láyè."

Adùnọlá wolẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olúdáre Adétúnjí." Ó rọra pè é bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀. Bó ti pè é tán ló bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà á o, àárò rẹ ni. Ìyá wa gbá a mọ́ra, òun náà ń sunkún, èmi ògbufọ̀ ò sì rí ohùn fi túmọ̀. Ọ̀gá náà ní kí n má ṣèyọnu. Ó ṣí fáìlì padà, ó kọ nǹkan sí i, ó ní Abújá ni èsì yóò ti wá.

N ò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ṣùgbọ́n, àbúrò mi, owó oúnjẹ tí ò ń fi ránṣẹ́ kò lè bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o wálé. Adùnọlá kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé yìí.

Bá mi kí Ṣùáíbù tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ̀wà tó fi ránṣẹ́ dùn gan-an. Ìyá wa ń gbàdúrà fún ọ, Isaac sì ní kí o má gbàgbé bàtà òun.

Àlejò ìjọba gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu ìyàwó rẹ. Ìyá wa gbọ́ ọ, Isaac gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ìwọ nìkan ni o ò tíì gbọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Monísọ́lá.