Sí Ẹbí Dókítà Abdulwahab Igbẹ́kọ̀yí, Tó Ń To Eegun Ẹ̀yìn Àwọn Ìyá Àgbà

Alhaja Memunat àti gbogbo ọmọ,

Ọkàn wa wúwo bí a ti ń kọ̀wé yìí sí yín lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Ìtura, Ọ̀sì, lórí ikú Dókítà Abdulwahab, ọkọ yín àti baba yín, tí àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré mú lọ.

Kí Dókítà tó dé ọ̀dọ̀ wa, bí ẹ̀yìn ìyá àgbà bá tẹ̀ lójijì, a ó sọ pé ogbó ni. Dókítà ló là wá lóye pé eegun ló ṣẹ́, eegun tó ti fúyẹ́ bí pákó tí ikán jẹ, tí kò lè di ìṣó iṣẹ́ abẹ mú. Wọ́n kọ́ wa láti mú aláìsàn dojú bolẹ̀ lórí ìrọ̀rí kí ẹ̀yìn kọ́kọ́ nà fúnra rẹ̀, kí a la ojú ọgbẹ́ kékeré, kí a sì fi sìmẹ́ńtì eegun dí ihò inú eegun náà kí ìṣó lè rí ibi dì mú.

Ìyá Sikirat, ará Òbó-Ayégúnlẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyá kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, wọ́n tẹrí ba kanlẹ̀, eegun tó wà lókè èyí tí a tún ṣe sì ṣẹ́. Dókítà kò bá ìyá wí. Wọ́n ní àwa la kọ́ ìyá láti jókòó àti láti rìn, tí a gbàgbé pé wọn yóò kí ènìyàn. Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà, Dókítà fúnra wọn ló ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kí ìyá kankan má baà rí àyè kúnlẹ̀. Àwọn ìyá a sì máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ ìyàwó ti dé, kí a bi í léèrè ọmọ ta ni ó wá fẹ́.

Ó ti rẹ̀ wá, a kò fi pamọ́ fún yín. Ìyá mọ́kànlá ló ń retí iṣẹ́ abẹ nígbà tí Dókítà lọ, ẹ̀rù sì bà wá pé ìmọ̀ náà ti bá wọn wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Dókítà Qudrah, tó ti dúró ti Dókítà Abdulwahab lẹ́nu iṣẹ́ abẹ fún ọdún márùn-ún, ṣe é fún ìyá kan láti Odò-Ọwá. Ìyá ti jókòó. Ó ku mẹ́wàá. A ṣèlérí pé a ó ṣe wọ́n tán, a ó sì kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà, Alhaja, ẹ má ṣe dá nìkan ru ohunkóhun. Ilé wa ni ilé yín.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú, pàápàá nígbà oúnjẹ, tí àga Dókítà bá ṣófo. Kí Ó forí jì wọ́n, kí Ó sì fún wọn ní ìsinmi tí àwa kò jẹ́ kí wọ́n ní láyé.

Moróhunfọ́lá Olúwadáre
Olórí Nọ́ọ̀sì, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́