Bàbá Mi, Ẹ Kò Rí Ìran Kankan

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹni tó sì yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún kò sí nílé mọ́. Màámi wà. Orúnkún ń dà á láàmú, ẹnu ò tíì rẹ̀ ẹ́. Ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé yàrá ẹ̀yìn ti ń jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá báyìí, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde, kò sì jìnnà sí wáàfù tí ẹ ti ṣe akọ̀wé ẹrù.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀pà tí ẹ máa ń kó sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó ti fẹ́ eèpo rẹ̀ dànù tán kí ẹ tó wọlé, nítorí ariwo Màámi. Sùtánà yín tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ó fi búlúù díẹ̀ sí i, tí ẹ ó gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó sá a. Àti aago tábìlì yẹn, tí ẹ máa ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé kí ohùn rẹ̀ má baà dún jù láàárọ̀. A máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn. A ní ọkùnrin tó ń bá kíréènì ṣiṣẹ́ ń sá fún aago.

Ẹ rántí ọjọ́ tí kọ̀nténà já lulẹ̀ gbì ní wáàfù, tí ẹ sì ṣubú lulẹ̀. Omi ni wọ́n dà lé yín lórí. Ẹlẹgbẹ́ yín tó sìn yín wálé sọ fún Màámi pé, “Madam, Baba no dey chop well o,” Màámi sì bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan pé wọ́n fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá lu agogo àdúrà, tí ẹ sì ṣubú bákan náà gẹ́lẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ oúnjẹ. Ẹ̀mí ti gbé Bàbá nìyẹn. Wọn á da aṣọ funfun bò yín látòkè délẹ̀, wọn á tan àbẹ́là síbi ẹsẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn yín títí ẹ ó fi dìde fúnra yín. Akọ̀wé á jókòó síbi orí yín pẹ̀lú ìwé àti bírò, láti kọ iṣẹ́ tí Ẹ̀mí bá rán yín.

Èmi ni akọ̀wé yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé náà, nítorí pé ọwọ́ mi gún tí mo bá ń kọ̀wé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dìde, òógùn bò yín, ojú yín ń ṣe bàìbàì bí ojú ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ìjọ ń wò wá. Alàgbà ní, “Akọ̀wé, kí ni Ẹ̀mí wí?” Ojú tì mí fún yín, Bàbá. Mo wo ìwé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mo sì kà á sókè pé Ẹ̀mí ní kí a gbàdúrà fún àwọn apẹja wa ní Marine Beach kí omi má gbé wọn lọ. Halelúyà gba ilé kan. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní, “Ọmọ mi, èmi ò rí nǹkan kan o. Ó kàn ṣú dùdù ni.” Mo ní kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Èmi, ọmọ ọdún méjìlá, ni mo pa bàbá mi lẹ́nu mọ́. Ẹ sì gbà fún mi, bóyá nítorí ẹ rí bí inú mi ṣe ń dùn tí wọ́n ń pè mí ní ọmọ Ẹlẹ́mìí.

Iṣẹ́ tí mo kọ lórúkọ yín pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí Dèjì àbúrò mi fi àwọn ọmọ tó ń bá rìn sílẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní àdúgbò Coconut. Ó sunkún, ó sì gbọ́. Lónìí, àwọn onítírélà ń tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹnu bàbá òun ni Ọlọ́run fi bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìkórè lẹ kú. Wọ́n lu agogo, ẹ ṣubú, wọ́n da aṣọ bò yín, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́. Mo jókòó síbi orí yín. Orin kan, orin méjì, orin mẹ́ta. Mo rò pé ibi tí Ẹ̀mí gbé yín dé lọ́jọ́ náà ló ga. Mo ti kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tí n ó kà, kí Màámi tó pariwo pé aṣọ náà kò mì mọ́. Ọwọ́ mi ò jìnnà sí yín rárá. Bí mo bá ti ká aṣọ yẹn kúrò lójú yín, tí mo sì pariwo, ṣé ẹ̀ bá wà láàyè? Ta ni n ó bi?

Ní ọdún tó kọjá, agogo ìkìlọ̀ iná dún lójijì ní ọ́fíìsì wa, èmi náà sì ṣubú. Wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan lẹ wáyà ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ mi láyà, ó wo ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ náà pẹ́, ó wá béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa kú lójijì rí. Mo ní rárá. Bàbá, mo ní rárá! Ọkàn mi ò tiẹ̀ lọ síbẹ̀, nítorí pé Ẹ̀mí ló gbé yín lọ. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí aṣọ funfun tí wọ́n dà bò yín. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì ṣàlàyé. Ó ní àìsàn tí kò wọ́pọ̀ ni, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, òbí ló ń fi í fún ọmọ, ó lè mú ọ̀kan ṣubú, kí ìkejì gbé e sára láìmọ̀. Tí ariwo òjijì bá dé bá ọkàn irú wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kó máa lù. Ìgbà mìíràn á padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, ìgbà mìíràn kò ní padà. Ó ní oògùn wà fún un. Ó wà, Bàbá, a kàn ò wá a ni.

Dókítà ní kí n kó àwọn ẹbí wá. Kí n tó rójú sọ ọ́, Ìbùkún ọmọ Dèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí agogo dún. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣubú. Dèjì ń yọ̀. Ó ní Bàbá ti padà wá sára ọmọ òun. Wọ́n ti rán sùtánà kékeré fún un, wọ́n sì ti ń wá ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ gún.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti Coconut. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Ẹ̀yin?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “So na you send me come here.” Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo sọ fún ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó kórìíra mi títí ayé, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí wọ́n da aṣọ bo ọmọ yẹn mọ́.

Ọjọ́ kẹta ló mú ọmọ náà wá sí ilé ìwòsàn. Kò kí mi. Ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí tèmi. Ìbùkún ti ń lo oògùn lójoojúmọ́, Dèjì fúnra rẹ̀ ló ń wò ó bó ṣe ń gbé e mì. Òun àti èmi ò tíì bára wa sọ̀rọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Bí a ṣe ń jáde ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà bi mí léèrè ohun tí bàbá àgbà máa ń rí. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní kò rí nǹkan kan, ó kàn máa ń ṣú ni. Ó ní, “Bíi tèmi. Ẹ̀rù á ti máa bà á gan-an nìyẹn.”

Bàbá mi, ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó síbi orí yín, tí mò ń kọ ohun tí ẹ kò sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wá rántí rẹ̀. Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò béèrè.