Igi Kajú Lórí Ilẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Savè, oṣù kẹjọ, 1964

Ẹ̀gbọ́n mi Fágbèmí ní Kumasi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ìyá wa ń kí yín. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀. Àdìjá ìyàwó mi bí obìnrin. Iṣu tuntun ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba ń fún àgbẹ̀ tó bá gbin kajú lówó. Ọkàn mi kò gbà á. Ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wa, kí ló dé tó fi ń fún wa lówó? Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó gbin igi ló ń di onílẹ̀. Nígbà tí mo rí Lásísì, ọmọ àbúrò bàbá wa, tó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ yín ní Sakin, mo sáré lọ bá akọ̀wé ìjọba tó ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbin kajú.

Mo ní, "Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Orúkọ wọn ni kí ẹ kọ."

Ó ní, "Ẹni tí kò sí nílé kò lè tẹ̀ka. Ṣé kí n kọ tìrẹ, àbí ti Lásísì?"

Orúkọ mi ló kọ. Mo tẹ̀ka, mo sì gbin igi náà. Owó tí ìjọba san wà lọ́wọ́ Ìyá, mi ò ná nínú rẹ̀.

Lásísì yóò kọ̀wé sí yín pé mo gba ilẹ̀ yín. Bóyá lẹ́tà rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣáájú tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé kí igi tó so, kí a lọ yí orúkọ padà. Ọlọ́run yóò mú yín délé láyọ̀.

Ẹ má pẹ́. Lánàá, àlejò kan béèrè ẹni tó ni oko náà, ẹnu mi sì dáhùn pé èmi ni.

Àbúrò yín,
Báńkọ́lé