Láílọ́ọ̀nù Irun Ṣì Ṣófo

Màámi,

Ẹ kú àdúrà o. Ẹ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n ti tọ́jú orí mi, mo sì ti jí.

Ṣé ẹ rántí pé kí n tó kúrò ní Ìgàndò, ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fi irun tí wọ́n bá fá lórí mi sílẹ̀ ní Íńdíà? Láílọ́ọ̀nù tí ẹ fún mi láti kó o sí ṣì ṣófo jàre! Wọn ò fá nǹkan kan. Itan ni dókítà gbà wọlé. Ó ti wáyà tó fẹ́lẹ́ bí òwú tí ẹ fi ń kó irun gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé ọpọlọ, ó sì dí ibi tí iṣan ti wú níbẹ̀ pa. Mo rí i nínú àwòrán: ẹ̀jẹ̀ ò yà síbẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń ṣe ìmẹ́lẹ́ díẹ̀. Ẹ má jáyà. Lánàá, mo di ṣíbí mú fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló bọ́.

Ẹ bá mi kí Wòlíì. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ tú ṣùkú tí ẹ dì fún mi, mo ní kó fi í lẹ̀, ọwọ́ tó dì í ló máa tú u. Ẹ gbé òòyà sílẹ̀ dè mí.

Yẹ́misí yín