Ìwé Ẹlẹ́yìn Dúdú Tí Mo Ṣe fún Bàbá Ọkọ Mi

Olóòtú wa àtàtà, mo kí yín láti Àkúrẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Inú ilé ni mo ti ń fọwọ́ ṣe ìwé àkọsílẹ̀. Nígbà tí bàbá ọkọ mi pé ọgọ́rin ọdún, mo ṣe ogún ìwé láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ náà, mo lẹ fọ́tò bàbá mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan le lọ́dún yìí, ta ló ń ra aṣọ ìdìwé? Agbòjò wa tó kán ni mo gé, mo fi aṣọ dúdú rẹ̀ di ẹ̀yìn ìwé, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, l'Óǹdó.

Wọ́n rí fọ́tò, wọ́n rí aṣọ dúdú. Ó parí! Wọ́n gbé iṣu àti òbúkọ, wọ́n ń sunkún bọ̀ nílé bàbá. Bàbá fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn: "Ta ló kú?" Gbogbo wọn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n fi òbúkọ sílẹ̀.

Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní mo fẹ́ pa bàbá òun. Bàbá ní tiwọn ti jẹ òbúkọ tán.

Ẹ̀yin ará, ṣé kí n pa iṣẹ́ yìí tì? Torí lánàá, àbúrò bàbá fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n má gbàgbé aṣọ dúdú.