Ìkúnlẹ̀ Àwáwù

Ṣakí,
Oṣù Kẹwàá, 1978.

Àbúrò mi Bàṣírù,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí àwọn ọmọ tí ẹ bí sí Kàdúná. Orúnkún Ìyá ti ń sàn díẹ̀díẹ̀; náírà méjì àbọ̀ ni mo ra oògùn rẹ̀. Iṣu wa ta dáadáa.

Mo gbọ́ pé Bàbá Abíọ́nà, àbúrò bàbá wa, ránṣẹ́ sí ọ pé Àwáwù ọmọ rẹ jókòó sórí àga kí àwọn ní ọ́fíìsì káńsù, pé kí o yọ ọ́ kúrò níbi iṣẹ́ náà. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ wò ó. Èrò tò dé ìta. Iṣẹ́ akọ̀wé ni kí ó gba ìwé lọ́wọ́ onílé àti àlejò bákan náà, kí ó sì gbé e dé iwájú ọ̀gá. Bó bá ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà, tó ń béèrè ará ilé, ìgbà wo ni àgbẹ̀ tó ti Tẹ̀dé wá yóò padà sílé?

Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Kí lẹ bá wá?" bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Inú bí mi o.

Nírọ̀lẹ́, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀.

Mo ní, "Kí lo tún ń wá nílẹ̀?"

Ó ní, "Ti ọ̀sán nìyí, mà."

Nítorí náà, bẹ Bàbá Abíọ́nà. Ní kí wọ́n yà sílé wa nírọ̀lẹ́ wá gba tiwọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Bí o bá rẹ́ni tó ń bọ̀, fi òróró ìpara ránṣẹ́ fún orúnkún Ìyá. Ti Àwáwù ṣì le.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àmọ̀kẹ́